Nínú Ọ̀rá Oògùn Bàbá: Èwo Ni Ti Parkinson, Èwo Ni Ti Ìgbàgbé?

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ló ní ọ̀rá oògùn kan tí wọ́n so kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà. Bí ẹ bá tú u wò, ẹ lè bá Sinemet níbẹ̀, ẹ lè bá Artane, ẹ lè bá donepezil. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò ní ṣaláì sí, àti páálí méjì mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó rà wọ́n. "Oògùn ọpọlọ" ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, méjì nínú wọn lè máa ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́, kí ìkẹta sì jẹ́ pé òun gan-an ló ń fa ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn.

Ohun tó ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra ni pé àgbàlagbà ni àrùn méjèèjì, Parkinson àti ìgbàgbé, sábà máa ń bá, wọ́n sì lè jọ wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ ohun tó ń tán lọ nínú ọpọlọ yàtọ̀ síra. Nínú Parkinson, dopamine ló ń dín kù, èyí tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń gbéra. Ọwọ́ á máa gbọ̀n nígbà tí èèyàn bá gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, iṣan á le, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, ojú ò ní fi ẹ̀rín hàn mọ́, ìwé tí èèyàn ń kọ á máa kéré sí i. Nínú Alzheimer, tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn àrùn ìgbàgbé, acetylcholine wà lára ohun tó ń dín kù, òun sì ni ọpọlọ ń lò láti fi ohun tuntun pamọ́ sí ìrántí. Oògùn Parkinson ń wá bí dopamine ṣe máa pọ̀ sí i. Oògùn ìgbàgbé ń wá bí acetylcholine ò ṣe ní tètè tán. Kò sí èyí tó ń wo àrùn náà sàn pátápátá, kò sì sí èyí tó ń dá a dúró. Ìnira ni wọ́n ń dín kù, bí wọ́n ṣe ń dín in kù sì sinmi lórí aago, lórí oúnjẹ, àti lórí oògùn mìíràn tó bá wọn wà nínú ọ̀rá náà.

Levodopa ni olórí wọn

Dopamine fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbé mì fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Levodopa lè wọ̀ ọ́, tó bá sì débẹ̀, ọpọlọ á sọ ọ́ di dopamine. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 tí wọ́n ti ń lò ó, kò tíì sí hóró oògùn Parkinson mìíràn tó lágbára tó o. Wàhálà rẹ̀ ni pé ara kì í dúró kó dé ọpọlọ. Inú ìfun àti inú ẹ̀jẹ̀ ni ara ti ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di dopamine, dopamine tó wà níta ọpọlọ yìí ló sì ń fa èébì, tó tún lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po levodopa pọ̀ mọ́ carbidopa, èyí tó wà nínú Sinemet, tàbí benserazide, èyí tó wà nínú Madopar. Iṣẹ́ carbidopa kò ju kó máa ṣọ́ levodopa títí tí yóò fi dé ọpọlọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú ọwọ́ gbígbọ̀n.

Nọ́ńbà méjì tó wà lára páálí ló ń sọ bí wọ́n ṣe pò ó. 25/100 túmọ̀ sí carbidopa mílígíráàmù 25 àti levodopa mílígíráàmù 100. Inú 25/250, carbidopa ṣì jẹ́ 25, àmọ́ levodopa ti di 250. Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Carbidopa gbọ́dọ̀ tó mílígíráàmù 70 sí 100 lóòjọ́ kó tó lè ṣọ́ levodopa dáadáa. Ẹni tó ń lo hóró 25/100 kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti rí 75. Ká wá ní kẹ́míìsì ò ní 25/100, wọ́n ta 25/250, wọ́n ní kí Màmá máa fọ́ ọ sí mẹ́rin, kí wọ́n lo ìdá kan láàárọ̀, ìdá kan lọ́sàn-án, ìdá kan lálẹ́. Levodopa tí Màmá rí lóòjọ́ ò ju nǹkan bí 190 lọ, carbidopa ò sì tó 20. Èébì dé. Ẹni tó wà nílé á sáré lọ ra Plasil kí èébì lè dá. Plasil, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ metoclopramide, máa ń dí ibi tí dopamine ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, nítorí náà ara Màmá á tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé á ní oògùn òyìnbó ò bá wọn lára mu, wọ́n á pa á tì. Bẹ́ẹ̀, orí ìṣirò hóró kan ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ 25/250 nìkan lẹ rí, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ oògùn náà kó tún un ṣírò. Èébì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá ìdajì hóró 25/100 lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí wọ́n máa fi kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n fi bisikíìtì díẹ̀ tàbí ẹ̀kọ tútù gbè é lẹ́yìn ní àkókò yẹn. Bí èébì ò bá dá, domperidone ni dókítà sábà máa ń yàn, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ. Àmọ́ ó lè da lílù ọkàn àgbàlagbà rú, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá rà lò.

Oúnjẹ tún ń bẹ. Levodopa jẹ́ ìbátan àwọn èròjà purotéènì tó ń jáde látinú ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà láti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àti láti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ọpọlọ. Ẹni tó bá ti dúró ní Lagere ní Ifẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, tí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń bọ̀ tí ogún èèyàn sì ń sáré sí i, ti mọ bó ṣe ń rí: levodopa máa ń wà lára àwọn tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kankan má ṣe bínú, ẹnikẹ́ni ò ní kí Bàbá má jẹ iyán. Iyán kọ́ ni wàhálà, ẹran àti ẹja inú ọbẹ̀ ni. Bákan náà láàárọ̀, ẹ̀kọ ò dí oògùn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín tó ń bá a rìn ló ń dí i.

Nítorí náà, kí wọ́n lo levodopa ní ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó jẹun, tàbí wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n sì mu omi tó pọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí oògùn kì í ṣiṣẹ́ fún lọ́sàn-án lè kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran àti ẹ̀wà rẹ̀ sí oúnjẹ alẹ́. Kí wọ́n má yọ ọ́ kúrò pátápátá o, nítorí aláìsàn Parkinson tètè máa ń rù. Oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀, èyí tí irin wà nínú rẹ̀, máa ń so mọ́ levodopa nínú ìfun, kí wákàtí méjì ó kéré tán wà láàárín wọn. Àìrígbẹ́yà pẹ̀lú ń ba iṣẹ́ oògùn yìí jẹ́, torí ikùn tó ń lọ́ra kì í tètè ti hóró lọ sí ibi tí ara ti lè fà á. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ àti omi lè ṣe ju bí ẹ ṣe rò lọ níbẹ̀.

Bí ìtọ̀, itọ́ tàbí òógùn bá wá ní àwọ̀ dúdú tàbí pupa díẹ̀, kò sóhun tó ṣe. Oògùn ni. Ẹ kàn má wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ fẹ́ràn fún wọn.

Ìgbà tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í gé

Levodopa kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ àìsàn, ọpọlọ ṣì lè tọ́jú díẹ̀ pamọ́, lílò ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ á gbé èèyàn dé alẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibi ìpamọ́ yẹn ń dín kù. Bàbá á lo oògùn ní aago méje, ara á dá, tó bá di aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹsẹ̀ á tún lẹ̀ mọ́lẹ̀ kí aago oògùn kejì tó pé. Ojú ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ti máa ń ṣi nǹkan mú. Ìgbà míì, ara á máa jó fúnra rẹ̀: orí ń mì, èjìká ń lọ́, ẹsẹ̀ ń yí, Bàbá fúnra wọn lè má tilẹ̀ kà á sí. Wọ́n á ní àrùn ti burú sí i, wọ́n á fi hóró kan kún un. Bẹ́ẹ̀ ara tó ń jó lọ́nà yìí sábà máa ń jẹ́ àmì pé levodopa ti pọ̀ jù ní wákàtí náà. Gbígbọ̀n ti Parkinson máa ń lọ bọ̀, bọ̀ lọ, lórí ìlù kan náà, nígbà tí ọwọ́ wà ní ìsinmi. Ijó ti oògùn máa ń yí kiri láìní ìlù.

Ohun tó wúlò jù tí ẹ lè mú lọ sí kílíníkì ni ìwé kan tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ: aago tí wọ́n lo oògùn, aago tí wọ́n jẹun àti ohun tí wọ́n jẹ, aago tí ara le, aago tí ara dá, aago tí ara ń jó. Pẹ̀lú ìwé yẹn, dókítà lè sún oògùn súnmọ́ra, ó lè pín in kéékèèké sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó lè fi oògùn mìíràn tì í lẹ́yìn. Láìsí i, àfi kó máa méfò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gbajúmọ̀, àní láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan: pé kí wọ́n má tètè bẹ̀rẹ̀ levodopa torí agbára rẹ̀ á tán. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ghana, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014. Wọ́n fi àwọn aláìsàn tó pẹ́ kí wọ́n tó rí levodopa lò wé àwọn ará Ítálì tó tètè bẹ̀rẹ̀. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé bí àrùn ṣe pẹ́ tó lára, àti bí oògùn tí èèyàn ń lò ṣe pọ̀ tó, ló ń mú kí ara máa jó àti kí oògùn máa gé. Iye ọdún tí wọ́n ti ń lo levodopa kọ́ ló ń fà á. Ẹni tí kò lè wọ ṣòkòtò ara rẹ̀ mọ́ kò jèrè kankan nínú fífi oògùn falẹ̀.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Pramipexole àti ropinirole ń ṣe bí dopamine fúnra wọn. Wọ́n dára fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pọ̀, àmọ́ wọ́n lè mú oorun gbé èèyàn lójijì, kódà lórí ọkọ̀ tó ń wà. Wọ́n tún lè mú kí ọmọlúwàbí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́, kó máa náwó bí omi, tàbí kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ rẹ̀ ṣàdédé pọ̀ sí i. Ẹ má ṣe gbà pé ayé ló ń bá a jà. Ẹ sọ fún dókítà. Bromocriptine jẹ́ ẹgbẹ́ wọn àtijọ́, ó sì lè ba fáàfù ọkàn jẹ́. Amantadine mílígíráàmù 100 ló wúlò jù fún ara tó ń jó. Entacapone mílígíráàmù 200 ni wọ́n ń lò pẹ̀lú levodopa lẹ́ẹ̀kan náà kó lè pẹ́ sí i, kò sì wúlò ní òun nìkan.

Rasagiline àti selegiline kì í jẹ́ kí dopamine tètè bàjẹ́. Ewu wọn kò sí lára wọn tó bó ṣe wà lára ohun tó bá wọn pàdé. Tramadol, pethidine, oògùn ikọ́ tó ní dextromethorphan, àti ọ̀pọ̀ oògùn ìbànújẹ́ ọkàn lè bá wọn dàpọ̀ di ibà, ìwárìrì àti ẹ̀jẹ̀ tó ga sókè lójijì. Ẹni tó bá ń lo ọ̀kan nínú méjèèjì, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora kankan.

Artane ní tirẹ̀ yẹ fún ìpínrọ̀ tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni trihexyphenidyl, tí àwọn kan ń pè ní benzhexol. Owó rẹ̀ kéré, ó wà káàkiri, ó sì ń dín gbígbọ̀n kù lóòótọ́. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni pé ó ń dí acetylcholine, ohun náà tí ìrántí nílò. Fún ẹni ọdún 45 tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ó lè wúlò. Fún ẹni tó ti lé ní 70, ó lè sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣarán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀: kò mọ ọjọ́, ó ń bá ẹni tó ti kú sọ̀rọ̀, ẹnu gbẹ, ìtọ̀ ò jáde, ìgbẹ́ ò jáde. Wọ́n á wá fi donepezil tọ́jú ìgbàgbé tí Artane fà. Oògùn kan ń dí acetylcholine, èkejì ń gbà á là, owó ń lọ, ara ò sì dá. Bí Bàbá bá ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má gé e lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń yọ ọ́.

Oògùn ìgbàgbé

Kí ẹnikẹ́ni tó ra donepezil, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìgbàgbé tó ṣeé wò sàn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fi yẹ fáítámì B12, iṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn, ṣúgà, kòkòrò HIV àti àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis wò. Àgbàlagbà tó ṣubú ní oṣù tó kọjá, tó wá ń gbàgbé tàbí tó ń sùn jù, lè ní ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ agbárí, àwòrán CT ló máa fi í hàn. Ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn tí ọkọ tàbí aya bá kú lè jọ ìgbàgbé gan-an. Ọ̀rá oògùn náà ńkọ́? Piriton, Phenergan, amitriptyline, oògùn tó ń dá ìtọ̀ dúró, Valium àti Lexotan, gbogbo wọn lè da ọpọlọ àgbà rú.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2001, fi hàn pé ìgbàgbé tuntun tí wọ́n ń rí lọ́dún kọ̀ọ̀kan láàárín àgbàlagbà jẹ́ 1.35% ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24% lọ́hùn-ún. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe pé kò sí. Gbólóhùn "ọjọ́ ogbó ni" ló ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé àgbàlagbà wá.

Donepezil, rivastigmine àti galantamine jẹ́ ẹgbẹ́ kan, wọn kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè túká. Donepezil bẹ̀rẹ̀ lórí mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n lè gbé e dé 10. Alẹ́ ni wọ́n sábà ń lò ó. Bí àlá burúkú bá ń jí èèyàn, wọ́n á sún un sí àárọ̀. Àwọn tó yára gbé e dé 10 ló sábà máa ń rí ìgbẹ́ gbuuru, àìfẹ́ oúnjẹ àti rírù. Ó tún lè mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀ jù, nítorí náà ó dára kí wọ́n yẹ ọkàn wò pẹ̀lú ECG, ẹ̀rọ tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, lára ẹni tó ti dákú rí, tàbí tí ìlù ọkàn rẹ̀ kéré sí 60. Ẹni tó ní asthma tàbí ọgbẹ́ inú, kó sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kí ẹ tó dájọ́. Ẹ má sì retí pé Màmá á tún mọ orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ. Èrè rẹ̀ kéré: wọ́n á mọ àkókò díẹ̀ sí i, wọ́n á lè dá wọṣọ fún oṣù mélòó kan sí i, ìbéèrè kan náà ò ní jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ kan. Àwọn kan ò rí ìyàtọ̀ kankan, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, dídá a dúró pẹ̀lú àṣẹ dókítà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Rivastigmine ló ní ẹ̀rí tó dára jù fún ìgbàgbé tó wá bá ẹni tó ti ní Parkinson tẹ́lẹ̀. Hóró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí mílígíráàmù 1.5 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí o: levodopa ń sá fún oúnjẹ, rivastigmine ń wá oúnjẹ. Ẹni tó bá fi méjèèjì sẹ́nu pọ̀ láti lè tètè parí ti ṣi ọ̀kan nínú wọn lò. Kí levodopa ṣíwájú, kí oúnjẹ dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, kí rivastigmine bá oúnjẹ wọlé. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tún wà, ọ̀kan fún wákàtí 24. Ẹ ṣí ti àná kúrò kí ẹ tó lẹ tòní, kí ẹ sì yí ojú ibi tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ padà lójoojúmọ́. Bí ẹni tó ń gbàgbé bá ń lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó lè lẹ mẹ́ta mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, èébì àti dídákú ló ń tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ fún ohun tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, orí ìwọ̀n tó kéré jù ni wọ́n á ti tún bẹ̀rẹ̀.

Memantine kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tí ìgbàgbé rẹ̀ ti dé àárín tàbí tó ti wọra ni wọ́n ń fún. Mílígíráàmù 5 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n máa fi 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí dé 20, kíndìnrín tó sì ti bàjẹ́ gan-an ò gbọ́dọ̀ rí tó bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fẹ́ kó bá amantadine gbé nínú ọ̀rá kan.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun máa ń fi ìròyìn lecanemab àti donanemab ránṣẹ́. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí wọn lọ́dún 2023 àti 2024. Alzheimer tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n wà fún, inú iṣan ni wọ́n ń gbà wọlé léraléra, àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MRI sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé wọn nítorí ọpọlọ lè wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Wọn ò wúlò fún Parkinson.

Parkinson tí oògùn dá sílẹ̀

Òòyì kọ́ Màmá, wọ́n ra Stugeron, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n ń lò ó láti ọdún tó kọjá. Ní báyìí ọwọ́ ń gbọ̀n, ìrìn ti falẹ̀. Cinnarizine tó wà nínú rẹ̀ lè fa gbogbo àmì Parkinson lára àgbàlagbà. Plasil tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ lè fà á, Largactil àti haloperidol, tó jẹ́ oògùn àrùn ọpọlọ, ń fà á, abẹ́rẹ́ Modecate tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn ń fà á, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí reserpine wà nínú rẹ̀ náà lè fà á. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí dókítà yọ oògùn náà kúrò, kí ẹ sì ní sùúrù, torí ó lè gba oṣù mélòó kan kí ara tó padà. Sinemet kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní wàhálà mìíràn. Parkinson àti levodopa máa ń mú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá dìde. Ìwọ̀n tó bá Bàbá mu ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn lè máa gbé wọn ṣubú ní báálùwẹ̀ báyìí. Kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ náà ní ìdùbúlẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n dìde. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 lọ sílẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ẹ sọ fún dókítà.

Nígbà tí wọ́n bá ń rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí

Ọmọdé kékeré lórí àga, ajá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èèyàn mẹ́ta ní ìdí bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹ tó gbé wọn lọ sí ibi àdúrà, ẹ yẹ ibà, ìtọ̀ àti àyà wò, nítorí àìsàn tó fara sin ló sábà ń dá a sílẹ̀ lójijì. Bí kò bá sí, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan: Artane àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà amantadine àti selegiline, lẹ́yìn náà pramipexole. Levodopa ni wọ́n ń fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Haloperidol tí wọ́n bá gún wọn kí ara lè rọlẹ̀ lè mú kí ẹni tó ní Parkinson le gbagidi. Nínú irú ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Lewy body, ó lè pa èèyàn. Bí wọ́n bá nílò oògùn, quetiapine díẹ̀, mílígíráàmù 12.5 tàbí 25 lálẹ́, ni wọ́n sábà máa ń yàn. Láti ọdún 2005 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé irú àwọn oògùn wọ̀nyí ń fi kún ikú àgbàlagbà tó ní ìgbàgbé, nítorí náà ìwọ̀n tó kéré jù àti àkókò tó kúrú jù ni.

Wèrèpè ńkọ́?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Èso wèrèpè ní levodopa nínú lóòótọ́, wọ́n sì ti fi dán àwọn aláìsàn Parkinson wò nínú ìwádìí. Àmọ́ carbidopa kankan ò sí nínú rẹ̀ tó máa ṣọ́ ọ, ìwọ̀n levodopa inú èso kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye tó wà nínú ife àgbo kan. Ẹni tó bá mu àgbo rẹ̀ lórí Sinemet ti fi levodopa kún levodopa láìmọ iye rẹ̀. Èébì, ara tó ń jó, àti ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ ló máa ń fi hàn. Bí wọ́n bá ti ń lò ó, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Bí wọ́n bá máa dá wọn dúró sọ́sípítù

Yálà Wesley Guild ní Iléṣà ni, tàbí ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀, ẹ gbé oògùn Parkinson tó wà nílé lọ, pẹ̀lú páálí rẹ̀, kí ẹ sì kọ aago rẹ̀ sórí ìwé fún nọ́ọ̀sì. Wọ́ọ̀dù máa ń pín oògùn ní aago tiwọn, aago Bàbá sì lè yàtọ̀ pẹ̀lú wákàtí méjì. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ń fún wọn ní oògùn oorun gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa levodopa, rasagiline àti donepezil. Bí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, hóró Sinemet lásán ṣeé lọ̀ sínú omi kó gba ọ̀pá imú wọlé. Èyí tó ní CR lára kò ṣeé fọ́, nítorí gbogbo ohun tó yẹ kó jáde díẹ̀díẹ̀ máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ra òmíràn nígbà tó bá ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tán, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbàgbé hóró kan, kí wọ́n lò ó bí wọ́n bá ti rántí, àfi tí aago èyí tó tẹ̀lé e bá ti súnmọ́. Kí wọ́n má lo méjì pọ̀. Bí levodopa bá já lójijì fún ọjọ́ kan tàbí méjì, tí ara wá gbóná, tí iṣan le bí igi, tí wọn ò sì dá èèyàn mọ̀ dáadáa mọ́, pàjáwìrì ni. Kí ẹ gbé wọn lọ lóru náà, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbà yín pé levodopa ló já, àti aago tí wọ́n lo èyí tó kẹ́yìn.